Ilẹ̀kùn Kan Ṣoṣo ni Mo Wá Dé Kùmásì

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí ẹni tó kí mi kú àbọ̀ ní Ìtòkú tí kò bi mí pé kí ni obìnrin aládìrẹ ń wá lọ sáàárín àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Gánà. Mo dá àwọn kan lóhùn, mo rẹ́rìn-ín sí àwọn mìíràn. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ilẹ̀kùn mọ́tò ni mo wá lọ. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo.

Bàbá mi ló ni mọ́tò náà. Ìjàpá ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí. Ìgbà tó ń ṣe tíṣà ló rà á, èmi kò tíì mọ̀wé kà nígbà náà. Nígbà tí gùlákómà gba ojú rẹ̀ tán, mọ́tò náà kò kúrò nínú àgbàlá wa ní Kẹ́mta mọ́, ṣùgbọ́n bàbá mi kò fi í sílẹ̀. Tó bá ti kírun Alásárì, yóò fọwọ́ tọ ara ògiri jáde, yóò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, èyí tí kì í ṣe ti awakọ̀, yóò jókòó, yóò sì tì í mọ́ra. Gbì! Bẹ́ẹ̀ ló ń dún. Ibẹ̀ ni yóò wà, yóò máa gbọ́ rédíò.

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yẹn ti dógùn-ún, ó ń ya aṣọ rẹ̀. Mo pe Ràmónì, ọmọkùnrin tó ń lu ara mọ́tò nítòsí Kútò. Ó ní ilẹ̀kùn náà ti lọ, pé àwọn kan ń ṣe tuntun rẹ̀ lókè òkun, nínú páálí ló ń wá. Inú mi dùn. Mo ra tuntun, Ràmónì dè é mọ́ ọn lọ́jọ́ tí bàbá lọ sí Jímọ̀, a kùn ún, ó ń dán. Mo fẹ́ fi ya bàbá mi lẹ́nu ni.

Ó jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ṣí i, ó tì í. Pẹ̀rẹ̀! Ó tún ṣí i, ó tún tì í. Ó fi ẹ̀yìn ìka kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn onílé.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, bàbá. Tuntun ni."

Ó ní, "Ẹ ṣeun."

Bàbá mi kò pè mí ní "ẹ" rí láti ọjọ́ tí ó ti bí mi. Ó wọlé lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò padà jáde sí mọ́tò mọ́. Orí ibùsùn ló ń jókòó sí, ó kọjú sí ògiri tí kò rí. Ràmónì ní àfi ká wá ojúlówó, èyí tí ilé-iṣẹ́ ìgbà náà ṣe, pé kò sí ní Nàìjíríà mọ́, pé bóyá ní Kùmásì. Mo ní ojúlùmọ̀ kan níbẹ̀, Múìnátù, tí ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ ta aṣọ kí tirẹ̀ tó kó lọ síbẹ̀. Mo di àpò mi.

Láti Ìdíròkò dé etí òkun

Ààlà kì í tètè wọ ènìyàn lára. Mo ti kọjá sí ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, síbẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń kí mi. Ní Àjàṣẹ́ mo dúró ti obìnrin kan tó ń ta àkàsà àti ẹja díndín. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbá ni yín."

Mo ní, "Kí lẹ fi mọ̀?"

"Ẹ kò tíì bèèrè iye tí mò ń tà á, ẹ ti ní ó wọ́n."

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹja fi fẹ́ há mi lọ́fun. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àkàsà náà dà bí ẹ̀kọ wa, ṣùgbọ́n ó kan jù, ata tí wọ́n fi sí ẹja sì ju èyí tí mo lè dárúkọ lọ.

Kútọnu ni Yorùbá ti já mọ́ mi lẹ́nu. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìyà ńlá nìyẹn fún mi. Mo jókòó nínú ọkọ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Nígbà tí a dé Lómè, tí òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni pé aládùúgbò wọn ni, ọkùnrin tó jókòó tì mí mú búrẹ́dì gígùn jáde, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Mo bu ẹ̀pà fún un. A jọ jẹ ẹ́, a jọ ń wo òkun. N kò mọ orúkọ rẹ̀ di òní.

Ní ẹnubodè Gánà, ọkùnrin tó ń wo ìwé ìrìnnà bi mí pé kí ni mò ń wá lọ. Mo ní ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Wọ́n bi mí bóyá ilẹ̀kùn ti tán ní Nàìjíríà ni. Mo ní tuntun pọ̀, pé ti àtijọ́ ni kò sí. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n lu òǹtẹ̀ fún mi.

Omi, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀

Kùmásì jọ Abẹ́òkúta lọ́nà kan: kò sí ibi tí o máa yà sí tí o kò ní gun òkè tàbí kí o sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ, gbogbo ènìyàn ń mọ̀ pé àlejò ni mí kí n tó lanu. N kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Bóyá bí mo ṣe ń wé gèlè ni, bóyá bí mo ṣe ń rìn kánkán.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Múìnátù sí. Irú Yorùbá àtijọ́ tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu ìyá ìyá mi, òun ló fi ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ gbé wá ló wà lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹni tó ti ibòmíràn wá bá a yí i padà.

Bí mo ṣe jókòó, wọ́n gbé omi fún mi. Mo mu ún. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Àṣáńtì, jókòó dáadáa, ó ní kí n sọ ohun tó gbé mi wá. Mo wo Múìnátù. Ṣebí mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí fóònù? Ó ṣẹ́jú sí mi pé kí n sọ ọ́. Àṣà wọn ni. Àlejò gbọ́dọ̀ mumi, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iṣẹ́ tó ń jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi "ẹ ṣeun" tí bàbá mi sọ, Múìnátù ní láti là á yé ọkọ rẹ̀, nítorí èdè tiwọn kò ní irú "ẹ" bẹ́ẹ̀. Ọkọ náà mi orí, ó ní bàbá òun náà ní bó ṣe máa ń ṣe é bí inú bá ń bí i.

Fùfú ni wọ́n sè fún mi, pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ṣàn bí omi tó sì gbóná bí iná. Fùfú wọn kì í ṣe fùfú wa, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gún pọ̀. Mo fi òkèlè sẹ́nu, mo rún un. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní a kì í rún un, gbígbé mì ni. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n fi láfún tọ́ dàgbà, wọ́n wá ń kọ́ mi bí a ṣe ń gbé òkèlè mì!

Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́

Ọjọ́ kejì, Múìnátù mú mi lọ síbi tí àwọn mẹkáníìkì wà. Kì í ṣe ibì kan, ìlú ni. Ìlà kan wà tó jẹ́ iná iwájú mọ́tò nìkan, òmíràn jẹ́ kìkì sítiárì. Ìró òòlù kò dáwọ́ dúró, ẹ ó sọ̀rọ̀ síni létí kó tó gbọ́.

Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún wa tó ń ta ohun èlò mọ́tò àtijọ́. Aṣọ funfun ló wọ̀, èékánná rẹ̀ mọ́ tóní. Ó gbé ilẹ̀kùn Ìjàpá kan jáde láti abẹ́ tapólì. Ó ti dógùn-ún nísàlẹ̀, àmì ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ó ní ojúlówó ni, pé ó ti ju ogójì ọdún lọ. Ọkàn mi fò. Mo ti ń rò ó bí n ó ṣe gbé e délé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó dáadáa. Iṣẹ́ aró ni mò ń ṣe, mo mọ bí àwọ̀ ṣe ń wọ nǹkan. Ohun tí ọjọ́ bá sọ di pupa, inú ló ti ń pọ́n bọ̀. Yóò ki níbì kan, yóò fẹ́lẹ́ níbòmíràn, ibi tí omi bá ti dúró ni yóò dúdú jù. Ti ilẹ̀kùn yìí dọ́gba látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bíi ti àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀, èyí tí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ìtòkú. Mo fi ìka kàn án, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀.

Mo ní, "Múìnátù, bá mi sọ fún wọn pé iyọ̀ ni wọ́n fi sè é kó lè dà bí àtijọ́."

Ó sọ ọ́. Mo rò pé ọkùnrin náà yóò bínú. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní àwọn tó ń wá ohun àtijọ́, ara tó ti dógùn-ún ni wọ́n máa ń wò, òun sì ń fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wò. Ó ní bí a bá fẹ́ òtítọ́, ká lọ bá ẹni tó lu ilẹ̀kùn náà, bàbá kan tí ń jẹ́ Kwaku, ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. "Kò lè parọ́," ó ní. "Ìyẹn ni kò jẹ́ kó lówó."

Bàbá Kwaku

Abẹ́ àtíbàbà páànù la ti bá a, arúgbó tó fi okùn so gíláàsì mọ́rí. Ó fún wa lómi, ó sì ní ká sọ ohun tó gbé wa wá. Ìgbà kẹta nìyẹn tí mo máa rò ó, tí a bá ka ti orí fóònù. Mo rí i pé bí mo ṣe ń tún un rò ni mo ń rí ohun tí mo ṣe. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo ní Ràmónì ló yọ ilẹ̀kùn. Ní ìgbà kẹta, mo ní èmi ni mo ní kó yọ ọ́.

Ó bèèrè pé, "Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ó ti jẹrà, bàbá."

"Níbo?"

Mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n fún un: ìka mẹ́rin láti ìsàlẹ̀.

"Òkè rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ohun tó ṣe òkè rẹ̀."

Ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó sọ gùn díẹ̀, Múìnátù sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló ń dun aláìsàn, orí lẹ gé."

Ó fi hàn mí. Ó fi ìka lu páànù tuntun kan, ó dún bí agolo. Ó lu ègé ilẹ̀kùn àtijọ́ kan, ó dún bí àpótí. Ó ní irin ìgbà náà nípọn, àti pé wọ́n lẹ nǹkan dúdú kan bí ọ̀dà mọ́ inú rẹ̀, òun ló ń gbé ohùn mì. Ó ní eruku ló dí àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, omi sì dúró síbẹ̀. Ó ní bí òun bá tilẹ̀ rí ojúlówó fún mi, ojúlówó mọ́tò ẹlòmíràn ni. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti mọ̀.

Mo sọ ti ilẹ̀kùn oníyọ̀ fún un. Ó bèèrè bóyá àmì òun wà lára rẹ̀, ẹyẹ kékeré kan tó fi irin lù. Mo ní àmì ilé-iṣẹ́ ni mo rí. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún pẹ́ títí.

"Ẹni tó bá ṣe àwòkọ tí kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i," ó ní, "ó jalè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ja ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é lólè, ó tún ja ara rẹ̀ lólè."

Lójú mi ló ti wọ bàtà tó jáde lọ bá ọkùnrin aláṣọ funfun náà. A kò tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé, ilẹ̀kùn náà wà ní èjìká rẹ̀. Kò sọ bó ṣe gbà á, a kò sì bi í.

Ó ní òun yóò lu ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn nìkan fún mi, ìka mẹ́rin péré, kí Ràmónì jó o mọ́ òkè èyí tó wà nílé. Mo bá pe Ràmónì lórí fóònù.

"Ràmónì, ilẹ̀kùn àtijọ́ dà?"

"Àtijọ́ kẹ̀?" ó ní.

"Ràmónì!"

"Ìyá Aládìrẹ, ẹ má bínú. Mo ti fún àwọn tó ń ra irin àlòkù."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èérún irin. Gbogbo wa la mọ ibi tí irin àlòkù ń lọ: inú iná, kí wọ́n yọ́ ọ. Mo ti rin orílẹ̀-èdè mẹ́rin wá ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi jù sílẹ̀ nílé.

Ọjọ́ méjì

N kò lè purọ́ mọ́ Ràmónì, ó gbìyànjú. Ó wá onírin náà kiri títí ó fi rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pè mí. Ilẹ̀kùn kò tíì dé inú iná. Obìnrin kan ní Owódé ló rí i lórí ọkọ̀ onírin, ó sì gbà á láti fi bo àgò adìyẹ.

Nígbà tí Múìnátù túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá Kwaku, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó gbé òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ràmónì fi téèpù wọn ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ òsì fún un, bàbá náà sì yí òǹkà náà padà bí ẹni yí aṣọ sódì.

Mo jókòó tì í títí ó fi parí, mo ń jẹ kẹ́ńkẹ̀ àgbàdo wọn àti ata tútù. Kì í lu irin kíkan. Kíún-kíún ló ń lù ú, bí ìró bá yí padà, yóò dúró, yóò fọwọ́ pa á. Mo fún un ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí mo fi ọwọ́ ara mi yà. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe nǹkan ló ń wo ẹ̀yìn nǹkan. Nígbà tó parí ègé irin náà, ó lu ẹyẹ rẹ̀ sí inú, ó ní kí Ràmónì má ṣe kùn ún bò.

Owódé

Ọjọ́ kejì tí mo padà délé ni èmi àti Ràmónì lọ sí Owódé. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ilẹ̀kùn bàbá mi sùn gbalaja lórí àgò, àkùkọ kan dúró lé e, ìgbẹ́ adìyẹ kún ojú rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ajá jẹ adìyẹ mi mẹ́ta kí n tó rí ìdérí yìí. Bí mo bá fún yín, kí ni kí n fi bò ó?"

Ràmónì lọ sídìí ọkọ̀, ó gbé ilẹ̀kùn tuntun tó ti inú páálí wá jáde, èyí tó ti tú kúrò lára mọ́tò bàbá mi. Ó ń dán nínú oòrùn. Ìyá Bọ̀sẹ̀ yí i po, ó fi ìka lù ú.

"Èyí fẹ́lẹ́ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo wí.

Ó lu ti àtijọ́, ó lu tuntun, ó ronú. "Ajá kúkú ni, kì í ṣe ẹkùn." Ó gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló lé àkùkọ náà kúrò.

Ràmónì jó irin náà pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Múìnátù gbé fóònù dání ní Kùmásì, èmi gbé tèmi dání ní Kútò, Bàbá Kwaku ń wò ó. "Dúró, jẹ́ kó tutù." "Má jó ẹ̀gbẹ́." Ràmónì, tí ẹnikẹ́ni kò tó bẹ́ẹ̀ láti kọ́ níṣẹ́ ní gbogbo Kútò, ni mo gbọ́ tó ń wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti gbọ́, sà."

Kẹ́mta

Lọ́tẹ̀ yìí n kò ya bàbá mi lẹ́nu. Mo wọ yàrá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un, títí kan ti àgò adìyẹ. Mo ní, "Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tiwa, bàbá. Àgbàlagbà kan ní Kùmásì ló lù ú."

Ó na ọwọ́, mo fà á dìde, a jáde. Ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà láti òkè wá sílẹ̀. Ó dé ojú ibi tí wọ́n ti jó o, ó dúró níbẹ̀. Ó ṣí i, ó fọwọ́ pa inú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ẹyẹ ni. Àmì ẹni tó ṣe é ni."

"Ó dáa tó fi síbẹ̀."

Ó tì í. Gbì! Ó dẹ etí sí i, ó ní, "Ó yàtọ̀ díẹ̀." Ó tún ṣí i, ó tún tì í. "Ṣùgbọ́n òun ni. Sìdí, wọlé kí o jókòó."

Ó pè mí ní "o." Mo wọlé, mo jókòó, mo na ọwọ́ láti ti ilẹ̀kùn.

"Fi sílẹ̀," ó ní. Òun ló bá mi tì í. Ó dúró síta, ó gbé ọwọ́ lé ojú wíńdò.

"Ìyá rẹ kò lè ti ilẹ̀kùn yìí rí. Ó le fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á títí Ọlọ́run fi gba ẹ̀mí rẹ̀, n ó kọ́kọ́ bá a tì í ná, kí n tó yí lọ sídìí sítiárì. Bó bá ti dún báyìí létí mi, mo mọ̀ pé ó ti jókòó nìyẹn."

Mo rí i láìmọye ìgbà láti ìjókòó ẹ̀yìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo rò pé bí gbogbo ọkùnrin ṣe ń ṣe ni.

Ó fọwọ́ tọ iwájú mọ́tò yí ká, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó jókòó. Ó di sítiárì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Níbo la ń lọ?" ó ní.

Mo ní, "Ìtòkú ni, bàbá."